Àwọn Sístà Kátólíìkì àti àwọn Māori: kí ló kù lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn?

Àdùkẹ́ (Ìbàdàn):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń kà nípa àwọn ẹgbẹ́ Sístà ní New Zealand tí wọ́n ṣèlérí pé àjọṣe ọlọ́gbọọgba ni àwọn yóò máa bá àwọn Māori, onílẹ̀ ibẹ̀, ṣe. Ohun méjì ni kò yé mi. Ó ti pẹ́ tí àwọn Sístà ti ń kọ́ ọmọ Māori, tí wọ́n sì ń tọ́jú aláìsàn wọn. Kí ló tún kù tí wọ́n fi ní láti ṣèlérí tuntun? Bákan náà, àwọn ará Samoa, Philippines àti India pọ̀ níbẹ̀, àní àwọn ọmọ wa náà wà níbẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ méjì péré, Māori àti òyìnbó, ni wọ́n ń kà?

Bàbá Ṣèyí (Auckland):
Àdùkẹ́, jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ìbéèrè rẹ kejì. Méjì tí wọ́n ń wí kì í ṣe iye ẹ̀yà tó wà nílùú, àwọn méjì tó bára wọn ṣàdéhùn ni. Ní ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 1840, ní Waitangi, àwọn ìjòyè Māori àti aṣojú Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé kan tó fi dá Māori lójú pé ilẹ̀ wọn kò ní bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n gbé e káàkiri tán, àwọn ìjòyè tó fọwọ́ sí i lé ní 500. Pompallier, bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì, wà níbẹ̀, ó sì béèrè pé kí wọ́n dáàbò bo òmìnira ẹ̀sìn, nítorí náà Ìjọ wa kò lè sọ pé kò kàn án. Síbẹ̀, ní ọdún 1860 ogun ilẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Taranaki, nígbà tó sì di 1863, ìjọba ṣòfin láti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ àwọn tí wọ́n kà sí ọlọ̀tẹ̀. Ojú ọ̀nà tí àdéhùn yẹn là ni èmi tí mo wá láti Nàìjíríà gbà wọlé, ẹ̀gbẹ́ àwọn tó wọ̀lú ni mo sì wà.

Ìyá Tóyọ̀sí:
Bàbá ti sọ ti àdéhùn. Èyí tó kù ni ọ̀rọ̀ ta ni ń pàṣẹ. Nígbà tí Suzanne Aubert, ẹni tó wá di Sístà, dé Auckland láti ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1860, Peata, obìnrin Ngāpuhi (ẹ̀yà Māori kan) tó wá láti ìdílé ìjòyè, ló kọ́ ọ ní èdè àti ìṣe Māori. Ní Hiruhārama, létí odò Whanganui, níbi tó lọ ní ọdún 1883, ewé àti èèpo igi ibẹ̀ ló fi ń po oògùn, ìmọ̀ àwọn Māori sì wà nínú rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún obìnrin yìí gan-an, ẹgbẹ́ Sístà tó dá sílẹ̀ ní ọdún 1892 sì wà títí dòní. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀, wọn kò mọ ti Peata. Ìtọ́jú lè dára títí, kí ẹni tí a ń tọ́jú má sì ní ohùn kankan nínú ìpinnu. Lójú tèmi, bí ilé-ẹ̀kọ́ bá jẹ́ ti ọmọ Māori, ó yẹ kí Māori jókòó síbi tí wọ́n ti ń pín owó, tí wọ́n sì ti ń yan olórí. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ta ilẹ̀ kọ́ńfẹ́ǹtì, ìdílé tó ni ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́.

Fọlákẹ́ (Wellington):
Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbàlejò ní marae, àgbàlá àpéjọ àwọn Māori. Bó ti wù kí àlejò jẹ́ ẹni ńlá tó, ẹnu ọ̀nà ni yóò dúró sí títí obìnrin ilé yóò fi gbóhùn sókè pè é. Obìnrin kan láàárín àwọn àlejò yóò dáhùn, wọn yóò rọra máa bọ̀, wọn yóò dúró díẹ̀ láti rántí àwọn òkú, kí wọ́n tó jókòó síbi tí a bá fi hàn wọ́n. Sístà tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún yóò dúró bí àwọn yòókù. Àwọn kan ní orin àti ìkíni kò dá ilẹ̀ padà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mi ò rí bí ẹni tí kò lè dúró kí wọ́n pe òun ṣe lè bá wọn jíròrò ọ̀rọ̀ ilẹ̀.

Àdùkẹ́:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Àwọn Sístà ibẹ̀ ti ń darúgbó, àwọn tuntun kò sì wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀. Ta ni yóò wá mú ìlérí náà ṣẹ?

Ìyá Tóyọ̀sí:
Ìdí nìyẹn tí mo fi tẹnu mọ́ owó àti yíyan olórí. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Kátólíìkì ibẹ̀ wọ inú ètò ìjọba lábẹ́ òfin ọdún 1975, àwọn tí kì í ṣe Sístà ló sì ń darí wọn jù báyìí. Inú ìwé tó gbé àwọn ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí kalẹ̀ ni kí ìlérí náà wà, pẹ̀lú àyè fún àwọn Māori tí àwọn ènìyàn wọn yàn fúnra wọn, kí àwọn Sístà tó wà láàyè tó fi iṣẹ́ sílẹ̀.