Gari tí kì í ṣe gààrí

Ọmọ Ẹ̀gbá, São Paulo: Ẹ kú ilé o. Kí ni wọ́n ń pe gààrí lọ́jà Bràsíl?

Ìyá Ìbejì, Salvador: Àbúrò, má wọ ọjà kó o ní gari lò ń wá o! Agbálẹ̀ ìgboro ni gari níbí. Orúkọ Aleixo Gary ló di bẹ́ẹ̀, òyìnbó Faransé tó gba iṣẹ́ gbígbá ìlú Rio ní 1876. Farinha de mandioca ni kó o béèrè. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í kan: bí wọ́n bá ti rin ẹ̀gẹ́ tán, wọ́n á fún un, wọ́n á yan án, wọn kì í fi í sínú àpò fún ọjọ́ méjì mẹ́ta bíi tiwa. Tó bá jẹ́ kíkan lo fẹ́, wá farinha d'água ti ìpínlẹ̀ Pará. Inú omi ni wọ́n ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ tiẹ̀ títí á fi rọ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Polvilho azedo ńkọ́, mà? Ṣebí kíkan ni azedo.

Ìyá Ìbejì: Ó kan lóòótọ́, àmọ́ má rà á o. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ nìyẹn. Da omi gbígbóná sí i, á máa fà bí àtè. Fún ẹ̀bà, ra farinha crua tó kúnná. Gbé ife omi 2 kaná. Tó bá hó, máa wọ́n ife farinha 1 sí i díẹ̀díẹ̀, kó o máa rò ó. Tó o bá dà á sí i lẹ́ẹ̀kan, kókó ni wàá jẹ. Má tètè sọ̀ ọ́, iná kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án níbi tí wọ́n ti yan án. Báyìí náà ni wọ́n ń ro pirão, ẹ̀bà àwọn ará Bràsíl, àfi pé omi ẹja ni tiwọn.

Bàbá Ṣadé, London: Ẹ fi tibí kún un. Lọ́dọ̀ Haúsá, ìyẹ̀fun yòówù ni gari, ìlú náà sì ni. Garin kwaki ni kẹ́ ẹ pe gààrí tiwa. Ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Kẹ́ńyà, mọ́tò ni, wọ́n mú un látinú gāṛī àwọn Híńdì. Unga wa muhogo wọn, ìyẹn ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́, ò lè di ẹ̀bà láéláé. Bíi láfún ni kẹ́ ẹ ṣe rò ó.

Ará Tokyo: Ti Japan ló yàtọ̀ jù: atalẹ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n rẹ sínú fínígà àti ṣúgà, tí wọ́n ń jẹ ti súṣì. Ìró rẹ̀ lábẹ́ eyín, garigari, ni wọ́n fi sọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá ń wá tiwa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ ọ́ ní garri, r méjì, kẹ́ ẹ fi kyassaba tì í, ìyẹn ẹ̀gẹ́.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ẹ ṣé gan-an. Ṣé crua fún ẹ̀bà, d'água fún mímu?

Ìyá Ìbejì: Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí d'água pẹ́ nínú omi dáadáa kó o tó fi eyín kàn án. Hóró rẹ̀ le bí òkúta.