Tẹ́sítà tan iná 1 dé 8, síbẹ̀ wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí mo ṣe kò kọjá 100 Mbps (ìwọ̀n eré tí dátà ń sá)

Akọ́ṣẹ́wáyà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Cat5e, irú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan, ni mo gé, mítà 15, mo fi RJ45, orí oníke tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀rọ, sí i lójú méjèèjì. Iná tẹ́sítà ń tàn láti 1 dé 8, kò fo ọ̀kankan. Ṣùgbọ́n 100 Mbps ni kọ̀ǹpútà ń gbà, bẹ́ẹ̀ òun àti switch (àpótí tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀) ló lè gbé 1000. Ó tún máa ń já. Bí mo ṣe tò ó lójú méjèèjì nìyí: funfun-ọsàn, ọsàn, funfun-ewé, ewé, funfun-búlúù, búlúù, funfun-buráwùn, buráwùn. Ṣé orí ni kò dáa ni, àbí wáyà?

Bàbà Pọ́nbélé:
Ẹ má dá orí lẹ́bi. Títò yẹn ló fà á.

Nínú wáyà yín, wáyà tín-ín-rín méjì méjì ni wọ́n lọ́ mọ́ra wọn, ìbejì ni wọ́n: ariwo tó bá ba ọ̀kan ló ń ba èkejì, ẹ̀rọ á wá yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì, ariwo á pòórá. Ìbejì tí ẹ̀rọ mọ̀ ni ipò 1 àti 2, 3 àti 6, 4 àti 5, 7 àti 8. Lọ́dọ̀ tiyín, ewé kan ló wà ní ipò 3, búlúù ló wà ní 6. Ẹ ti ya ìbejì níyà, ariwo sì ń ta láti ara ọ̀kan sí òmíràn. Tẹ́sítà olówó pọ́ọ́kú kò lè rí èyí, torí ohun tó ń wò kò ju pé ṣé iná wọ ibí, ó jáde lọ́hùn-ún.

T568B, ìlànà títò àwọ̀ tí ẹ ó lò, nìyí: funfun-ọsàn, ọsàn, funfun-ewé, búlúù, funfun-búlúù, ewé, funfun-buráwùn, buráwùn.

Akọ́ṣẹ́wáyà:
Ẹ ṣé gan-an. Ṣé mo lè tún ojú kan ṣe kí n fi èkejì sílẹ̀?

Bàbà Pọ́nbélé:
Rárá o. 4 àti 6 á gba ipò ara wọn, ìyẹn tẹ́sítà á sì rí i. Méjèèjì ni kí ẹ gé. Orí tí ẹ bá ti tẹ̀ kò ṣeé lò mọ́.

Eléèpo:
Bí ẹ bá ti ń tún un ṣe, ẹ bó èèpo rẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà 3, kí ẹ wò ó bóyá abẹ ha bàbà. Tó bá ha á, ẹ gé e dànù, ibẹ̀ ni yóò ti kán lọ́la. Ẹ tú u, ẹ fi àtàǹpàkò nà án títí tí yóò fi tọ́, ẹ tò ó, kí ẹ wá gé ẹnu rẹ̀ kó dọ́gba, kó ku mílímítà 12 tàbí 13. Tó bá gùn jù, ibi tí wọn kò lọ́ mọ́ra á pọ̀, èèpo kò sì ní wọ inú orí. Èèpo gbọ́dọ̀ wọlé kí eyín ẹ̀yìn orí lè dì í mú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wáyà tín-ín-rín mẹ́jọ ni yóò máa gba gbogbo fífà.

Ẹ di orí mú kí ahọ́n rẹ̀ kọjú sílẹ̀, kí ihò rẹ̀ kọjú sí yín: ipò 1 wà lọ́wọ́ òsì. Ẹ tì í títí ẹ ó fi rí ẹnu bàbà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ níwájú orí. Ẹ tún àwọ̀ kà kí ẹ tó fi crimper, irinṣẹ́ tí a fi ń tẹ orí mọ́ wáyà, tẹ̀ ẹ́.

Iná Kékeré:
Ẹ fi abẹ ha wáyà kan wò. Tí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, ó máa ń kán, ó sì máa ń gbóná bí ẹ bá fi gbé PoE, ìyẹn iná tó ń gba inú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Tó bá ṣì dúró sí 100 lẹ́yìn tí ẹ tún un ṣe, ipò 4, 5, 7 àti 8 ni kí ẹ wò. 100 kò nílò wọn, 1000 ló nílò wọn. Ẹ máa mi orí náà díẹ̀díẹ̀ bí tẹ́sítà ṣe ń tàn: nọ́ńbà tó bá ń ṣẹ́jú ni bàbà rẹ̀ kò kan irin inú orí dáadáa.