Kí ni ká pe bébà tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìnáwó?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ èdè wa ń jẹ lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fa àríyànjiyàn ọ̀sẹ̀ yìí: kí ni ká máa pe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ephemera? Tíkẹ́ẹ̀tì mọ́tò wà níbẹ̀, rìsíìtì, ìwé ìléwọ́, káàdì ìpè ìnáwó, ètò ìsìn ìsìnkú, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, póòsìkáàdì, àní gbogbo bébà tí wọ́n tẹ̀ fún iṣẹ́ kan, tí iṣẹ́ ọ̀hún sì ti parí. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń kó wọn jọ ló béèrè, nítorí ó fẹ́ kọ orúkọ Yorùbá sára páálí tó ń kó wọn sí. Àbá mẹ́ta ló ti wọlé: "ìwé ọjọ́-kan", "ìwé àlòsọnù" àti "ìwé àlòkù". Èmi náà ní irú páálí bẹ́ẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ọ̀rọ̀ náà sì kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, ni mo ṣe ní kí n dá sí i.

Ká kọ́kọ́ yẹ "ìwé ọjọ́-kan" wò. Àbúrò tó mú un wá kò purọ́. Inú èdè Gíríìkì ni ephemera ti wá, ohun tí ọjọ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ ló túmọ̀ sí, wọ́n sì ti fi pe kòkòrò abìyẹ́ tí ẹ̀mí rẹ̀ kì í gùn kí wọ́n tó fi pe bébà. Ẹni tó bá fẹ́ fojú inú rí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀, kó rántí èsúnsún tó ń yí iná ká lẹ́yìn òjò, tílẹ̀ ń mọ́ tó jẹ́ ìyẹ́ nìkan ló kù lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n sọ "ìwé ọjọ́ kan" fún ìyá mi, ohun tó máa bi ọ́ ni pé, "Ọjọ́ wo nìyẹn?" Ibi tí ìtàn ti ń bẹ̀rẹ̀ ni etí Yorùbá fi "ọjọ́ kan" sí, àmì ìdápọ̀ tí ẹ fi sáàárín rẹ̀ kò sì ṣeé gbọ́ létí.

"Ìwé àlòsọnù" ni ọ̀pọ̀ yín ń tì lẹ́yìn. Mo gbà pé ó dùn lẹ́nu, ó sì bá òfin èdè mu: à-lò-sọnù. Màá lò ó fún ife oníke àti ọ̀rá omi láìjanpata. Àmọ́ ẹ wo kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ lára ògiri pálọ̀. Ọdún rẹ̀ ti parí, kò sẹ́ni tó tún ń ka ọjọ́ níbẹ̀, síbẹ̀ kò kúrò lórí ìṣó, torí pé bàbá onílé wà ní ìlà kejì láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó dé fìlà kan náà. Nílé wa, mo ka mẹ́rin tí wọ́n kọ́ léra wọn lórí ìṣó kan ṣoṣo. Ọdún tuntun ló ń bo tàtijọ́ mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó yọ èyíkéyìí. Ètò ìsìn ìsìnkú ńkọ́? Inú Bíbélì ni ìyá mi ń ki tiẹ̀ bọ̀, débi pé Bíbélì náà kò ṣeé pa dé dáadáa mọ́. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ gan-an kò ní in lọ́kàn pé kí wọ́n sọ ọ́ nù: fọ́tò olóògbé wà lójú ìwé àkọ́kọ́, ìtàn ìgbé ayé rẹ̀ wà nínú, orúkọ ọmọ àti ọmọ-ọmọ tò tẹ̀ lé e. Maurice Rickards, tó dá ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ irú bébà wọ̀nyí sílẹ̀ ní London lọ́dún 1975, kà wọ́n sí ìwé kéékèèké ojoojúmọ́ tó wà fún ìgbà díẹ̀. Òótọ́ nìyẹn nípa tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì London. Bó bá di ti ètò ìsìnkú ní Òṣogbo tàbí Abẹ́òkúta, torí ìrántí ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ti "àlòkù" kò gba àkókò. Ọjà ti gbà á lọ́wọ́ wa. Bàtà àlòkù, mọ́tò àlòkù: ẹni tó rà á fẹ́ tún un lò ni. Ta ló fẹ́ fi tíkẹ́ẹ̀tì 1962 wọ ọkọ̀ ojú irin lónìí?

Àbá tèmi ni "ìwé àlòṣẹ́kù". Ara "àjẹṣẹ́kù" ni mo ti wò ó ṣe: a jẹ ẹ́, ó ṣẹ́kù, a lò ó, ó ṣẹ́kù. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé kò bá ẹni tó tẹ bébà náà sọ èrò ọkàn rẹ̀, ì báà ní ká sọ ọ́ nù, ì báà ní ká fi pamọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ló sọ: iṣẹ́ bébà parí, bébà ṣì wà. Tíkẹ́ẹ̀tì wọ ibẹ̀, kàlẹ́ńdà wọ ibẹ̀, káàdì ìpè wọ ibẹ̀. Èyí tó bá sì ti sọnù ní tòótọ́, ta ló máa rí i kó jọ?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní àbùkù wà nínú àjẹṣẹ́kù. Kò rí bẹ́ẹ̀ nílé tí mo dàgbà sí. Bí bàbá bá jẹun tán, tó ṣẹ́ ẹran díẹ̀ kù sínú àwo, ọmọ tí wọ́n bá pè pé kó wá palẹ̀ mọ́ mọ̀ pé wọ́n kẹ́ òun ni. A ti torí rẹ̀ jà rí, èmi àti àbúrò mi. Ẹ sì kíyè sí i bí mo ṣe sọ ọ́: ó "ṣẹ́ ẹran kù". Ọ̀rọ̀ náà ṣeé là sí méjì. Oúnjẹ lè ṣẹ́kù fúnra rẹ̀, ènìyàn sì lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ́ ẹ kù fún ẹlòmíì. Bí àwọn bébà yìí ṣe dé ọwọ́ wa gan-an nìyẹn. Òmíràn wà nísàlẹ̀ àpótí nítorí pé kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Òmíràn wà níbẹ̀ nítorí pé ẹnì kan wẹ̀yìn wò, ó rí wa, ó sì fi í sílẹ̀ dè wá.

Ọ̀rọ̀ póòsìkáàdì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Arábìnrin kan ní ká pè é ní "káàdì àrokò", pé àrokò ni àwọn baba wa fi ń ránṣẹ́ kí ìwé tó dé. Ìfẹ́ èdè ló mú un sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n ò lè bá a gbà. Ohun ìpamọ́ ni àrokò. Owó ẹyọ mẹ́fà tí wọ́n so pọ̀ lè wí pé ọkàn mi fà sí ọ, torí ẹ̀fà àti "fà". Mẹ́jọ lè wí pé ohùn wa jọra, torí ẹ̀jọ àti "jọ". Ẹni tó gbé e lọ lè máà mọ ohun tó gbé dání. Póòsìkáàdì kò ní àṣírí kankan. Nígbà tí Austria kọ́kọ́ gbé e jáde ní October 1, 1869, tí Ìlú Ọba gbé tiẹ̀ jáde lọ́jọ́ kan náà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní ìdajì pẹ́nì, ìhòòhò ni ọ̀rọ̀ ń rìn lórí rẹ̀: akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ lè kà á, ọmọ tó gbà á lẹ́nu ilẹ̀kùn lè kà á. "Káàdì ìfìwéránṣẹ́" tí àwọn kan ń lò sàn jù.

Ẹ wá jẹ́ ká gbọ́ ti àwọn onífọ́tò. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí a bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi wá ni, "Pásípọ́ọ̀tù àbí póòsìkáàdì?" Ìwọ̀n fọ́tò ni wọ́n ń béèrè. Ènìyàn lè ya ogún póòsìkáàdì láyé rẹ̀ kó má fi ẹyọ kan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Fọ́tò kan wà nínú páálí mi tó fi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yí padà hàn. Obìnrin mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, ìyá ìyá mi ló jókòó sáàárín, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí eékún kí gbogbo ìka rẹ̀ lè hàn, ó kọjú sí wa tààrà. Ẹ yí i padà. Ilé iṣẹ́ tó ṣe bébà náà ti tẹ POST CARD sí ẹ̀yìn rẹ̀, ìlà kan là á sí méjì, apá ọ̀tún fún àdírẹ́sì, apá òsì fún ọ̀rọ̀, igun òkè fún sítáǹpù. Kò sí sítáǹpù níbẹ̀ rí. Níbi tó yẹ kí àdírẹ́sì wà, ẹnì kan fi gègé kọ orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì kọ "Ọjọ́ Ìkómọ" sábẹ́ rẹ̀. Tàdáwà náà ti pọ́n bí omi ẹ̀kọ yangan pupa.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni irú bébà bẹ́ẹ̀ ti wà lọ́jà fún àwọn onífọ́tò. Kodak tilẹ̀ gbé ẹ̀rọ kan jáde ní 1903 tí fíìmù rẹ̀ bá ìwọ̀n póòsìkáàdì mu géẹ́. Bébà bá fọ́tò wọlé, orúkọ bébà di orúkọ ìwọ̀n. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe àtẹ ọ̀rọ̀, ẹ má pa á pọ̀: "káàdì ìfìwéránṣẹ́" fún èyí tí wọ́n tẹ̀ láti fi ránṣẹ́, "fọ́tò póòsìkáàdì" fún ti onífọ́tò. Ìlà tó là á sí méjì yẹn náà yẹ ní orúkọ. "Ìlà ààlà" ni mo ń pè é, torí ó wúlò láti fi mọ ọjọ́ orí káàdì. Ní 1902 ni Ìlú Ọba gbà kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì, Amẹ́ríkà kò gbà á títí di 1907.

Ó ku "àwòrán", orúkọ tí à ń pe fọ́tò pẹ̀lú, tí a ṣì ń jiyàn lórí ibi tó ti wá. Babatunde Lawal, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ iṣẹ́ ọnà, kọ ọ́ ní 2001 pé à-wò-rántí ni, ohun tí a ń wò ká lè rántí. Ẹnì kan nínú yín fèsì pé "ìran" ló wà nínú rẹ̀, pé à-wò-ìran ni. Ẹ fetí sí ohùn. "Ìran" kò ní ohùn òkè, ìdí nìyẹn tí "òǹwòran" fi parí sí ohùn àárín. Ohùn òkè ló parí "àwòrán", "rántí" ló sì ní in. Àwọn tó ń béèrè ibi tí "tí" wọlé sí, ìbéèrè wọn mọ́gbọ́n wá. Èsì tèmi ni pé "rán" ti ń dá rìn tẹ́lẹ̀: nínú "rán mi létí", ọ̀rọ̀ mìíràn ti gba àárín rán àti etí. Kò tíì tó ẹ̀rí tí a fi ń dájọ́, ṣùgbọ́n ó wúwo ju ti "ìran" lọ.

Ohun tí àwọn èèyàn wa fi fọ́tò ṣe ló túbọ̀ jẹ́ kí n fara mọ́ ọn. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí lọ́dọ̀ àwọn onífọ́tò Ìlá Ọ̀ràngún, kọ ọ́ ní 1978 pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìtíì ya fọ́tò, onífọ́tò á ya èyí tó wà láyé, á tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, bíi pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo, ọmọ náà á wọ aṣọ tirẹ̀, wọ́n á yà á, á tún wọ irú aṣọ tí èkejì ì bá wọ̀, wọ́n á tún yà á. Ère ìbejì ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹ kò tíì mẹ́nu bà, òun ló sì dùn mí jù: ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sábẹ́ àwòrán. Lára àwọn póòsìkáàdì àtijọ́ tí onífọ́tò Edmond Fortier tà ní Dakar ní Senegal, lára ti onífọ́tò Rodolpho Lindemann ní Salvador ní ilẹ̀ Bahia, ní Brazil, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀. Obìnrin á wé gèlè, á to ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn, á wo ẹ̀rọ lójú kòrókòró, ẹ̀yà rẹ̀ tàbí ìlú rẹ̀ nìkan ni wọ́n á kọ. Ẹ má jẹ́ ká pe ìyẹn ní àkọlé. Ìwé ló ni àkọlé. Mo dábàá "àkọsábẹ́" fún ọ̀rọ̀ tí ẹni tó tẹ káàdì kọ, àti "àkọsẹ́yìn" fún ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ni í fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sẹ́yìn rẹ̀. Kí olúkúlùkù fún méjèèjì ní àyè tirẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ká má fi ti ọlọ́jà pa ti onílé rẹ́.

Lálẹ́ àná mo kọ ÌWÉ ÀLÒṢẸ́KÙ gàdàgbà sára páálí mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í to ohun inú rẹ̀ sínú ìwé. Bí ìlà àkọ́kọ́ ṣe kà nìyí: Fọ́tò póòsìkáàdì, obìnrin mẹ́ta. Ìlà ààlà wà. Sítáǹpù, kò sí. Àkọsábẹ́, kò sí. Àkọsẹ́yìn, orúkọ mẹ́ta àti "Ọjọ́ Ìkómọ".