Ọmọ méjì, èmi nìkan, níbi ìṣeré omi ọ̀fẹ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbùkún:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Wọ́n ṣí ibi ìṣeré omi ọ̀fẹ́ sí àdúgbò wa, irú èyí tí omi máa ń tú jáde látinú ihò ilẹ̀. Ìbùkún ti pé ọdún 3, àbúrò rẹ̀ jẹ́ oṣù 14, ó ṣì ń lo páḿpáàsì. Èmi nìkan ni màá kó wọn lọ. Ṣé omi yẹn mọ́ tó fún ọmọ kékeré? Báwo ni mo ṣe máa ṣọ́ àwọn méjèèjì?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kó wọn lọ jàre, wọ́n á gbádùn ẹ̀. Omi yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ fọkàn sí. Níbi púpọ̀, omi tó ṣàn wọlẹ̀ náà ni ẹ̀rọ ń sẹ́, tí wọ́n ń fi kiloríìnì (oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi) sí, tó tún ń tú jáde. Ohun tó bá jáde lára ọmọ kan lè wọ ẹnu ọmọ mìíràn. Kòkòrò Cryptosporidium, tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, lè wà láàyè ju ọjọ́ 7 lọ nínú omi tí wọ́n fi kiloríìnì sí dáadáa! Torí náà, ọmọ tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ilé ni kó wà. Páḿpáàsì ìlúwẹ̀ẹ́ kì í dá ìgbẹ́ gbuuru dúró. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì jìnnà sí omi kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n jókòó lórí ihò omi o. Kẹ́hìndé mi fẹ́ràn ẹ̀ jù: á fìdí dí ihò, omi á máa tì í sókè, á máa rẹ́rìn-ín kèékèé. Mo gbé e kúrò títí, ó ń sá padà. Ìgbà tí mo ní kó máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ dí i ló tó gbà.

Bàbá Fèyí:
Ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀ kí ẹ tó bọ́ bàtà wọn. Ibi tí omi ò dé máa ń gbóná janjan, ibẹ̀ ni Fèyí dúró sí tó fi figbe ta. Bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀ ló dáa, sílípáàsì ń yọ̀. Ẹ wọ aṣọ pupa fún àwọn méjèèjì, kí ojú yín tètè máa rí wọn. Ẹ̀yin àti èyí kékeré ni kí ẹ jọ wà, kí Ìbùkún máa ṣeré níwájú yín.

Ìyá Ìbùkún:
Ẹ ṣé gan-an. Bí ẹ̀rù omi bá ń ba èyí kékeré ńkọ́?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ mú ife oníke kan dání. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Táyé rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn, kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ rárá. Mo bu omi sínú ife, mo gbé e fún un. Ó dà á sẹ́sẹ̀ ara rẹ̀, ó wò mí lójú, ó sì na ife náà sí mi pé kí n tún bu òmíràn.