Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí igi ìdí ìbọn ṣakabùlà

Ẹ̀yin ọdẹ àti gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbọn ṣakabùlà tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ni mo bá wá. Irin rẹ̀ kò dípẹtà rárá. Igi ìdí rẹ̀ ló ń dà mí láàmú. Ẹ̀gún àti òkúta ti ha á títí tó fi dà bí ojú ẹni tó kọ gọ̀ǹbọ́. Ìyẹn ò le, sáńpépà àti òróró á yanjú ẹ̀. Ibi tó kàn tẹ̀ wọnú ńkọ́? Wọ́n ní aṣọ tútù àti áyọ́ọ̀nù gbígbóná máa ń mú un wú padà. Ta ló ti dán an wò?

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ọrùn ìdí náà tó ti sán tẹ́ẹ́rẹ́. Alágbẹ̀dẹ wa ní kí n fi wáyà dì í. Mi ò gbà: ibẹ̀ gan-an ni ipá ìbọn ń gbà nígbà tó bá ta sẹ́yìn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ò sì jìnnà síbẹ̀. Mo fẹ́ pààrọ̀ igi náà pátápátá. Ṣé igi apá ni kí n lò ni, àbí ìrókò? Apá le lóòótọ́, àmọ́ ó wúwo. Báwo ló sì ṣe yẹ kí igi gbẹ tó kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ? Ẹni tó bá mọ agbẹ́gi tó mọ iṣẹ́ yìí ní ìhà Ìsẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe rẹ̀ fún mi.