Babátúndé ni àbí àkúdàáyà? Ìrírí wa pẹ̀lú gègé Esterbrook tuntun

Láti Filadẹ́fíà

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń kó gègé jọ, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti ra Estie àkọ́kọ́, ìyẹn gègé Esterbrook tuntun. Bí ilé iṣẹ́ kan bá kú, tí ẹlòmíràn wá ra orúkọ rẹ̀ tó sì ń fi tajà, ṣé Babátúndé ni ká pè é, àbí àkúdàáyà? Kí kálukú sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Èmi ni màá bẹ̀rẹ̀.

Odò Delaware ló wà láàárín Filadẹ́fíà àti Camden, ní New Jersey. Bí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, orí afárá Ben Franklin ni mo máa ń gbà. Ó tó ọdún mẹ́fà tí mo fi ń gba ibẹ̀ kí n tó mọ̀ pé Camden yìí kan náà ni Richard Esterbrook dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ sí lọ́dún 1858. Ẹnu gègé onírin ni wọ́n ń ṣe nígbà náà, irú èyí tí èèyàn ń tì bọ inú ìgò tàdáwà kó tó kọ̀wé. Ọ̀kan nínú wọn, nọ́ńbà 914, ni Charles Schulz, ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ inú ìwé ìròyìn, fẹ́ràn jù. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà ń kógbá sílé, ńṣe ni bàbá yẹn ra gbogbo èyí tó kù nílẹ̀. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe àwa la bẹ̀rẹ̀ wèrè yìí.

Esterbrook kì í ṣe gègé olówó rárá. Ní àwọn ọdún 1930, ọ̀kan wà tí wọ́n ń tà ní dọ́là kan péré, owó yẹn ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Akọ̀wé ló ń rà á, tísà ló ń rà á, ọmọ iléèwé náà ń rà á. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni pé ẹnu rẹ̀ ṣeé yí kúrò bíi gílóòbù iná. Bó bá bàjẹ́, o ra òmíràn, o yí i wọlé, o ń kọ̀wé rẹ lọ. Ìgbà tó yá, bírò dé, ó gba ọjà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Venus tó ń ṣe pẹ́ńsù ra Esterbrook ní 1967, kò sì pẹ́ tí Camden fi dákẹ́. Orúkọ náà tún padà sójú ọjà ní 2014, kó tó bọ́ sọ́wọ́ Kenro Industries ti ìpínlẹ̀ New York ní 2018. Àwọn ló ṣe Estie.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà, àwọ̀ rẹ̀ dà bí igbá ẹ̀yìn ahun. Owó rẹ̀ lé ní 150 dọ́là. Ìyá Ìbejì bi mí ní iye tó jẹ́, mo purọ́. Gègé náà dán, ó fúyẹ́ lọ́wọ́, ó ń kọ̀wé geere. Àmọ́ mo wo ẹnu rẹ̀ dáadáa: Jámánì ni wọ́n ti ṣe é, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹnu fún ọ̀pọ̀ gègé mìíràn. Mo ní háà, kí ló wá kù nínú rẹ̀ tó jẹ́ ti Esterbrook?

Láti London

Àkúdàáyà ni, ẹ má wulẹ̀ fi orí ro ó. Ẹni tó kú sí Camden, tí ẹ wá bá pàdé ní New York, tó ti wọ aṣọ olówó ńlá, tí kò sì dá ará ilé rẹ̀ mọ̀ mọ́, kí lẹ tún fẹ́ pè é?

Èmi ò bá a jà ṣá. Mo ní mẹ́ta.

Láti Houston

Ẹ̀gbọ́n wa ní Filadẹ́fíà, ẹ kú àlàyé. Ìtàn kọ́ ló dààmú tèmi, ìdérí ni. Mo ra aláwọ̀ búlúù kan fún ara mi lọ́jọ́ ìbí. Mo yí ìdérí rẹ̀ kó dé, ó ń yí lófo. Mo tún yí i, pàbó. Inú bí mi, mo jókòó, mo kọ lẹ́tà gígùn sí ẹni tó tà á fún mi, mo ti fẹ́ fi ránṣẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, gba gègé náà lọ́wọ́ mi. Ó tẹ ìdérí náà mọ́lẹ̀ díẹ̀ kó tó yí i, ó sì dé pinpin. Ó ní, "Mọ́mì, bí ìdérí ìgò oògùn yín ló ṣe rí."

Sípíríǹgì ló wà nínú rẹ̀. Ìdérí kékeré kan wà nínú ìdérí ńlá, sípíríǹgì yẹn ló ń tì í mọ́ ẹnu gègé kí atẹ́gùn má baà ráyè wọlé. Mo rọra pa lẹ́tà mi rẹ́. Lẹ́yìn náà mo gbàgbé gègé náà sínú báàgì kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí mo rí i, ojú ẹsẹ̀ ló kọ̀wé, n kò tiẹ̀ gbọ̀n ọ́n.

Láti Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ kú àjò. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló mú Estie bọ̀ fún mi láti Maryland, Ọlọ́run á máa pèsè fún un. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò sọ: àmì ìsàlẹ̀ ńkọ́? Ẹnu tó bá gègé náà wá, mídíọ̀mù ni, ìwọ̀n àárín. Lórí bébà tí à ń rí rà níbí, tàdáwà á fẹ̀, àmì ìsàlẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ìdí lẹ́tà. Mo kọ̀wé sí bàbá àwọn ọmọ mi tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Àbújá, mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú "Ọkọ mi àtàtà". Ó pè mí lórí fóònù, ó ní oko wo la ní tí òun ò mọ̀?

Mo ní kí ọmọ náà bá mi wá ẹnu tín-ín-rín. Ó fi ránṣẹ́, èmi fúnra mi ni mo yí tàkọ́kọ́ kúrò tí mo sì yí tuntun wọlé. Láti ìgbà náà, ọkọ jẹ́ ọkọ, oko jẹ́ oko. Tàdáwà pupa ni mo rọ sínú rẹ̀ báyìí, àwọn ọmọ kíláàsì mi ti ń bẹ̀rù rẹ̀.

Láti Brooklyn

Ẹ má fi gègé tí tàdáwà inú rẹ̀ ti dé ìdajì sápò bùbá funfun wọ bàálù. Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń lọ, ìsìnkú bàbá àgbà. Mo fẹ́ ti pápákọ̀ gba ibi àìsùn lọ tààrà, ìyẹn ni mo ṣe wọ funfun láti ilé. Bí bàálù ṣe ń gòkè, afẹ́fẹ́ inú gègé ń fẹ̀, ó sì ń ti tàdáwà síwájú. Ìdérí gbìyànjú, ó gbà á dúró. Èmi tí mo ṣí i láti fi kọ fọ́ọ̀mù ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe ara mi. Àwọn àǹtí ní Ìjẹ̀bú ń bi mí bóyá àdìrẹ ni. Ẹ rọ ọ́ kún bámúbámú, tàbí kí ẹ dà á nù pátápátá, kí ẹ sì gbé ẹnu rẹ̀ sókè.

Láti Filadẹ́fíà

Ìyá wa ní Ìbàdàn, ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín. Ó ku apá kejì ìtàn tèmi.

Ní ìpàtẹ gègé tó máa ń wáyé níbí lóṣù kìíní, bàbá òyìnbó kan tẹ́ àtẹ ẹnu Esterbrook àtijọ́ síwájú, ó tò wọ́n ní nọ́ńbà-nọ́ńbà: 1551, 2668, 2284, 9556. Èyí tó bá fi 9 bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi irin líle sí góńgó rẹ̀, kì í tètè jẹ. Mo ń yọ ṣùtì díẹ̀, mo ní Estie lèmi ń lò. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó mú irin kóńkó kan jáde, wọ́n ń pè é ní MV. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ẹ̀yìn rẹ̀ wọ inú Estie, iwájú rẹ̀ sì gba ẹnu àtijọ́. Àwọn tó ra orúkọ náà ló ṣe é fúnra wọn. Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu jù. Wọn ì bá ta tiwọn kí wọ́n gbàgbé èyí tó ti kú.

Mo ra 9556. Mo dé ilé, mo fọ̀ ọ́ nínú omi tútù títí tí tàdáwà ayé ìgbà kan fi ṣàn tán, mo yí i wọ inú Estie. Ó há díẹ̀ lórí bébà lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ará London, ọmọ tí a bá pè ní Babátúndé, ṣebí ara tuntun ló máa ń gbé wá? Ẹnu ló ku ká gbọ́.

Ìyá Ìbejì gbà á lọ́wọ́ mi, ó kọ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàmì-tàmì, ó ní eélòó ló jẹ́ gan-an. Mo jẹ́wọ́ fún un. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn dé e, ó jù ú sínú báàgì rẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́.