Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: etí ọmọ mi yọ síta, ó ní òun fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ

Ìyá Akin (Leeds)
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọmọkùnrin mi pé ọmọ ọdún 8 láìpẹ́ yìí. Etí rẹ̀ méjèèjì yọ síta gan-an. Nínú ilé, a ò kà á sí, torí bẹ́ẹ̀ náà ni ti bàbá rẹ̀ rí. Iléèwé ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Wọ́n ti fi etí yẹn sọ ọ́ lórúkọ. Kò fẹ́ kí n gé irun òun mọ́lẹ̀ mọ́, fìlà ló sì ń dé jẹun. Òun fúnra rẹ̀ ló bi mí pé ṣé dókítà lè bá òun lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí. Dókítà wa sọ pé NHS (ètò ìlera ìjọba níbí) ní agbègbè wa kì í sanwó irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀. Àbúrò mi sọ pé Istanbul, ní Turkey, ló dára nítorí owó, màmá mi ní kí n gbé e wá sí Ìbàdàn. Ta ló ti ṣe é rí? Ibo ni kí n lọ, kí sì ni kí n béèrè?

Nọ́ọ̀sì Bùkọ́lá (Birmingham)
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Yàrá iṣẹ́ abẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé ìṣẹ́po tó yẹ kó wà lápá òkè etí kò ṣẹ́ dáadáa, tàbí kí kòtò àárín etí jìn jù, kó wá máa ti etí síta. Ọjọ́ orí Akin dára fún un. Láti nǹkan bí ọmọ ọdún 5 ni wọ́n ti ń ṣe é, torí etí ọmọ ọdún 5 sí 6 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti àgbàlagbà. Ẹ̀yìn etí ni wọ́n máa ń là. Wọ́n á fi òwú rán egungun rírọ̀ inú rẹ̀ kó lè ṣẹ́ po, kó sì sún mọ́ orí. Mustardé, oníṣẹ́ abẹ ará Scotland, ló gbé irú rírán yẹn jáde ní 1963, wọ́n ṣì ń lò ó dòní. Kì í sábà ju wákàtí kan sí méjì lọ. Wọ́n á fi oògùn mú ọmọdé sùn fọnfọn ní tiẹ̀.

Iye tí NHS kọ sórí ìkànnì wọn fún ẹni tó bá fi owó ara rẹ̀ ṣe é tó nǹkan bíi £2,500 sí £3,500. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi owó yan dókítà. Ẹ wo orúkọ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ti GMC (àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ ní UK), kó jẹ́ plastic surgery (iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara) tàbí ENT (etí, imú àti ọ̀fun) ni wọ́n kọ síbẹ̀. Kí ilé ìwòsàn náà forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CQC, àjọ tó ń yẹ ilé ìwòsàn wò ní England. Ẹ ní kó fi fọ́tò àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti ṣe fún hàn yín.

Bàbá Kékeré (Òṣogbo)
Ọmọ mi, àwọn kan máa sọ fún ẹ pé bí Ọlọ́run ṣe dá a ni kó wà. Má dá wọn lóhùn. Nǹkan yìí ò bẹ̀rẹ̀ lónìí: ní 1881, dókítà Edward Ely ní New York kọ̀wé nípa ọmọkùnrin kan tó ṣe é fún, torí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi etí rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé Akin ló fẹnu ara rẹ̀ béèrè, gbọ́ tiẹ̀. Ká ní ìwọ lo fẹ́ ẹ tí òun ò fẹ́, mi ò ní fọwọ́ sí i.

Ìyàwó Ìkẹjà
Mo ti dàgbà kí n tó ṣe tèmi, Èkó níbí. Abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú ibẹ̀ kú ni wọ́n gún mi, mo wà lójúfò. Kò dùn mí, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ bí sísọ́ọ̀sì ṣe ń gé lẹ́yìn etí mi, ó sún mọ́ mi pẹ́kípẹ́kí. Wọ́n wá fi báńdéèjì wé mi lórí bíi láwàní àlùfáà. Ẹ̀yìn ni mo ń fi lélẹ̀ sùn. Wọ́n tú báńdéèjì tán, ọ̀já orí tún kù, òun ni mo ń fi sùn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹ gbàgbé gèlè, ẹ gbàgbé irun dídì tó ń fa etí. Bọ́ọ̀lù àti ìjàkadì á dúró fún Akin títí dókítà á fi ní ó yá.

Ohun tó dùn mí ni pé dókítà tó ṣe é kò bi mí bóyá àpá tó máa ń wú, ìyẹn kèlóìdì, wà nínú ìdílé wa. Etí ọ̀tún jinná pẹ́rẹ́ṣẹ́. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ti òsì bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, ó le gbandi, ó sì yọ síta lẹ́yìn etí. Abẹ́rẹ́ sìtẹ́rọ́ìdì, tí wọ́n fi ń mú kèlóìdì wálẹ̀, ni mò ń gbà sí i báyìí.

Auntie Peckham
Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Kí Ìyá Akin tó rí dókítà rárá, kó kọ́kọ́ wo ara àwọn ẹbí bóyá kèlóìdì wà níbẹ̀. Kì í ṣe ihò tí wọ́n lu nígbà ìkókó nìkan, ìyẹn kì í sábà wú. Ihò kejì tí àwọn ọmọbìnrin lọ lù nígbà tí wọ́n dàgbà ni kó wò, àti àpá abẹ́rẹ́ àjẹsára lápá, àti ojú iṣẹ́ abẹ ìyá tó bímọ. Ó wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú ju òyìnbó lọ, ó sì fẹ́ràn etí.

Tóyìn B.
Fún ẹ̀yin tó lóyún tó ń ka èyí: bí etí ìkókó bá yọ, ẹ béèrè nípa nǹkan tí wọ́n fi ń tún ìrísí etí ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Ó ṣì rọ̀ nígbà yẹn, ó lè má nílò abẹ láéláé. Ti Akin ti kọjá ìyẹn.

Ìyá Akin (Leeds)
Ẹ̀rù bà mí díẹ̀ o. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ní kèlóìdì léjìká. Ṣé kí n pa á tì ni?

Nọ́ọ̀sì Bùkọ́lá (Birmingham)
Rárá, mà. Ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kó wọ inú fáìlì. Ẹ bi dókítà pé: kí lẹ máa ṣe tí àpá bá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ta ni yóò gún abẹ́rẹ́ rẹ̀, ṣé ó wà nínú owó tí mo san? Èyí tó bá fọwọ́ rọ́ ìbéèrè yẹn sẹ́yìn, ẹ bá tiyín lọ.

Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n fẹ́ Istanbul fún yín. Kì í ṣe pé wọn ò mọ iṣẹ́, ọ̀nà ló jìn. Tó bá jẹ́ Ìbàdàn, UCH (ọsíbítù yunifásítì níbẹ̀) ní ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ yìí. LUTH (ọsíbítù yunifásítì Èkó) àti ọsíbítù egungun ti Igbóbì náà ní in l'Ékòó. Ẹ wá ẹni tí MDCN (àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà) mọ̀, tó ní FWACS (oyè àwọn oníṣẹ́ abẹ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà) nínú plastic surgery, kí ẹ sì dúró síbẹ̀ títí wọ́n á fi yẹ ojú ọgbẹ́ wò dáadáa.

Níbikíbi tí ẹ bá ti ṣe é, bí etí kan bá ń dùn ún ju èkejì lọ láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, tí oògùn ìrora kò ràn án, ẹ̀jẹ̀ lè ti sé sábẹ́ awọ nìyẹn. Wọ́n gbọ́dọ̀ tú báńdéèjì lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gba nọ́mbà tí ẹ lè pè lóru, kí ẹ sì pè é wò.